Àwọn Alágbàtà Oògùn ní Amẹ́ríkà: Ìwé-Àṣẹ Ìpínlẹ̀ àti Ìwé-Ẹ̀rí Ìyẹ̀wò

Láàárín iléeṣẹ́ tó ṣe oògùn àti apòògùn tó ń tà á fún aláìsàn, alágbàtà wà níbẹ̀ tó ń kó o ní páálí páálí. Mẹ́ta ló tóbi jù ní Amẹ́ríkà: McKesson, Cardinal Health àti Cencora, tó ń jẹ́ AmerisourceBergen títí di 2023. Àwọn mẹ́ta yìí ló ń pín èyí tó pọ̀ jù nínú oògùn ibẹ̀. Àwọn kéékèèké tó kù ni ojú gbọ́dọ̀ wà lára wọn jù, torí ọ̀dọ̀ irú wọn ni ayédèrú ti sábà ń rí ọ̀nà wọlé.

Ìpínlẹ̀ ló ń fún alágbàtà ní ìwé-àṣẹ. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1987, tí Ààrẹ Ronald Reagan fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin 1988, ló sọ ọ́ di dandan fún ẹni tó bá ń pín oògùn láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn. Lọ́pọ̀ ibi, ìgbìmọ̀ àwọn apòògùn ló ń fúnni. Ní Florida, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ìṣòwò ni. Wọ́n á yẹ ilé ìkẹ́rù wò bóyá ó tutù tó, wọ́n á wo àkọsílẹ̀ ríra àti títà, wọ́n á sì wádìí ẹni tó ni iṣẹ́ náà.

Àmọ́ òfin ìpínlẹ̀ kan le, ti òmíràn rọ̀, ibi tó rọ̀ ni oníjìbìtì ń bá wọlé. Ní 2003, hóró Lipitor, oògùn kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù, tó tó mílíọ̀nù 18 ni wọ́n kó kúrò lọ́jà nítorí ayédèrú. Ní 2012, FDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó oògùn, kéde pé ayédèrú Avastin, oògùn jẹjẹrẹ, ti wọ̀lú, èròjà tó ń ṣiṣẹ́ kò sì sí nínú rẹ̀ rárá. Ìkà gbáà ni kí wọ́n fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sára ẹni tí àìsàn ń bá fínra.

Nítorí irú ayédèrú ti 2003 yẹn ni NABP, ẹgbẹ́ àwọn ìgbìmọ̀ apòògùn, fi dá ìyẹ̀wò VAWD sílẹ̀ ní 2004. Drug Distributor Accreditation ló ń jẹ́ báyìí. Kò rọ́pò ìwé-àṣẹ, ó kàn ń tẹ̀ lé e ni: àwọn olùyẹ̀wò á dé ilé ìkẹ́rù fúnra wọn. Ìpínlẹ̀ Indiana sọ ọ́ di dandan fún àwọn alágbàtà rẹ̀.

DSCSA, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí pínpín oògùn tí Ààrẹ Barack Obama fọwọ́ sí ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá 2013, ló wá pàṣẹ pé kí ìlànà kan náà wà fún gbogbo ìpínlẹ̀. Ó ní kí alágbàtà fi $100,000 ṣe ìdúró, ìpínlẹ̀ sì lè gba $25,000 bí òwò rẹ̀ kò bá ju mílíọ̀nù 10 dọ́là lọ lọ́dún. Láti 2015 ni alágbàtà sì ti ń jíṣẹ́ ìwé-àṣẹ rẹ̀ fún FDA lọ́dọọdún.

Orúkọ àwọn alágbàtà tó jíṣẹ́ wà lórí ìkànnì FDA, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ní ilé oògùn ní Amẹ́ríkà, bí ẹnikẹ́ni bá fi oògùn ẹ̀dínwó lọ̀ yín, ẹ wá orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.