Lẹ́ǹsì Àlòkù àbí Gbèsè Áàpù: Ibo Ni Kí ₦120,000 Yìí Gbà?

Ọ̀rọ̀ owó la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí wọ́n á ti ní kí ẹ má mu kọfí mọ́. Ta ló tiẹ̀ ń mu kọfí?

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin olùgbọ́ wa fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ó ní iṣẹ́ kékeré kan tí òun ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ oṣù òun mú ₦120,000 wọlé, owó tí òun kò retí rárá. Fọ́tò yíyà ló fẹ́ràn jù láyé, ó sì ti rí lẹ́ǹsì àlòkù kan tí wọ́n ń tà ní ₦110,000. Ṣùgbọ́n ó jẹ áàpù ayánilówó kan ní ₦60,000, èlé rẹ̀ sì jẹ́ 10% lóṣù. Ó tún jẹ àǹtí rẹ̀ tó ń ta èlùbọ́ ní ₦40,000, kò sí èlé lórí ìyẹn. Ó wá bi wá pé, "Ṣé ó burú tí mo bá ra lẹ́ǹsì yìí ná? Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń san gbèsè, ó ti sú mi."

Mo gbọ́ "ó ti sú mi" yẹn dáadáa. Àwọn kan wà tí wọ́n gbà pé ẹni tó bá jẹ gbèsè kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín títí yóò fi san án tán. Èmi kò sí nínú wọn. Ẹni tó ń lo wákàtí mẹ́ta nínú gò-sílóò lójoojúmọ́, tó wá ń gbé kámẹ́rà jáde lọ́jọ́ Sátidé, bóyá kámẹ́rà yẹn ni kò jẹ́ kí orí rẹ̀ dàrú. Nítorí náà, n kò ní bá a jà lórí bóyá ó yẹ kó fẹ́ lẹ́ǹsì. Ohun tí mo fẹ́ kó bi ara rẹ̀ ni pé: èélòó ni gbèsè kọ̀ọ̀kan máa ná mi tí mo bá fi í sílẹ̀ fún oṣù kan sí i? Ta ló sì máa san án?

Ká mú ti áàpù. Àwọn àgbà ní orúkọ fún irú owó báyìí: sogúndogójì. Owó tó sọ ogún di ogójì. Ẹ lè rò pé àbùmọ́ ni, àmọ́ ẹ gbé ẹ̀rọ ìṣírò orí fóònù yín jáde. ₦20,000 ní 10% lóṣù, tí ẹ kò san kọ́bọ̀, tí èlé sì ń gun orí èlé, yóò ti lé ní ₦42,800 lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ. Ogún ti di ogójì, ó tún lé díẹ̀.

Ti ọ̀rẹ́ wa ńkọ́? Tó bá ra lẹ́ǹsì, tí ₦60,000 yẹn sì jókòó síbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, yóò di bí i ₦106,000. Èyí túmọ̀ sí pé lẹ́ǹsì ₦110,000 yẹn ti di ₦156,000 mọ́ ọn lọ́wọ́, nítorí pé èlé ₦46,000 wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kò sí nínú iye tí ẹni tó ń tà á pè.

Èyí tó tún máa ń fọ́ ènìyàn lójú ni owó tí wọ́n ń yọ kó tó dé ọwọ́ yín. Ká ní ẹ yá ₦20,000 fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Àlẹ́ẹ̀tì wọlé, ₦17,000 lẹ rí. Wọ́n á ní èlé náà jẹ́ 15%. Irọ́ ni. ₦17,000 ni wọ́n yá yín, ₦3,000 sì ni èlé rẹ̀, ìyẹn ju 17% lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ń sọ níbẹ̀ yẹn pé, "Àmọ́ nǹkan ń wọ́n sí i. Tí n kò bá rà á báyìí, n kò ní lè rà á mọ́." Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣáájú Oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kò ju nǹkan bí ₦460 lọ lọ́dọ̀ ìjọba. Ní Oṣù Kejì 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tó ra kámẹ́rà kí náírà tó ṣubú jẹ èrè, kódà bó jẹ́ owó sogúndogójì ló fi rà á. Ṣùgbọ́n irú ìṣubú bẹ́ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún. Jálẹ̀ 2025, dọ́là kò kúrò púpọ̀ ní àyíká ₦1,500. Kí ríra lẹ́ǹsì yìí lónìí tó lè jẹ́ ọgbọ́n, iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá ₦156,000 láàárín oṣù mẹ́fà. Ṣé ẹ lè fi owó yín ta tẹ́tẹ́ lórí ìyẹn?

Àwọn mìíràn á ní lẹ́ǹsì náà á pa owó wọlé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kà á fún mi: ènìyàn mélòó ló ti sanwó fọ́tò fún yín láàárín oṣù mẹ́ta tó kọjá? Tí kò bá sí ẹnìkankan, ìgbádùn ni ẹ ń rà, ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ó wá ku àǹtí tó ń ta èlùbọ́, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti dùn mí. Ọ̀pọ̀ wa máa ń fi gbèsè ẹbí sí ìsàlẹ̀ pátápátá nítorí pé kò ní èlé. Àmọ́ ₦40,000 lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà kì í ṣe owó tó ń sùn. Ọjà ni. Ó yẹ kó ti rà á, kó ti tà á, kó sì ti padà lọ rà á. Ní Oṣù Kejìlá 2024, àjọ NBS kéde pé ọ̀wọ́ngógó ọjà jẹ́ 34.8% sí ti ọdún tó ṣáájú. Ẹ fi ìyẹn ṣírò rẹ̀: ohun tí ₦40,000 rà ní ìparí 2023 ti ń gba nǹkan bí ₦54,000 ní ìparí 2024. Ẹni tí wọ́n dá ₦40,000 géérégé padà fún lẹ́yìn ọdún kan ti pàdánù. Èlé wà lórí owó àǹtí, àwọn ló kàn ń san án, wọn kò sì ní pè yín láti sọ ọ́. Áàpù á pè yín lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́, àǹtí á kàn dákẹ́.

Lórí ọ̀rọ̀ ìpè yẹn, àṣà náà kì í ṣe tuntun. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé láyé àtijọ́, wọ́n máa ń rán ológò lọ sílé ẹni tó kọ̀ tí kò san gbèsè. Á lọ jókòó sínú agboolé, á máa dà wọ́n láàmú, á máa pa adìẹ wọn jẹ, títí gbogbo ilé á fi wá owó náà jáde. Àwọn áàpù kan sọ fóònù yín di ológò: wọ́n á kọ̀wé sí gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀ pé olè ni yín. Láti ọjọ́ 31 Oṣù Karùn-ún 2023 ni Google ti fòfin de àwọn áàpù ayánilówó orí Play Store láti máa wọ inú nọ́ńbà àti fọ́tò oníbàárà. Àjọ FCCPC náà gbé òfin tuntun jáde ní 2025, owó ìtanràn rẹ̀ lè tó ₦100 mílíọ̀nù. Tí áàpù bá ní kí ẹ lọ gbà á síta láti ibi tí kì í ṣe Play Store, ẹ sá.

Bí ẹ bá sì ń ronú láti fi owó lẹ́ǹsì pamọ́ sí báńkì mìíràn kí wọ́n má bàa rí i, ẹ rántí BVN. Láti Oṣù Kẹjọ 2020 ni CBN ti dá ètò GSI sílẹ̀. Báńkì tó bá wà nínú ètò yẹn lè yọ gbèsè tó ti kọjá àsìkò láti inú àkáǹtì yín ní báńkì mìíràn.

Ó dáa, ọ̀rẹ́ mi, ohun tí èmi máa ṣe nìyí tó bá jẹ́ tèmi. Kọ́kọ́ bi áàpù náà bóyá wọ́n á yọ nínú èlé tí o bá san án lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan máa ń yọ ọ́, àwọn kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, san ₦60,000 yẹn tán. Ó ku ₦60,000. Pe àǹtí, má fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, pè wọ́n ni o, kí o sì fi ₦25,000 ránṣẹ́ sí wọn lójú ẹsẹ̀, kí o dá ọjọ́ fún ₦15,000 tó kù. Kí ló dé tí n kò ní kí o san tiwọn tán? Nítorí pé tí àpò rẹ bá gbẹ, tí ibà sì mú ọ lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù, áàpù yẹn kan náà ni wàá padà sí. Fi ₦20,000 sílẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

₦15,000 tó ṣẹ́kù, ti fọ́tò ni. Àwọn tó ń fi ohun èlò kámẹ́rà háyà wà káàkiri Èkó àti Ìbàdàn. Háyà irú lẹ́ǹsì yẹn fún ọjọ́ kan tí owó rẹ bá ká a, kí o sì ya fọ́tò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wàá tiẹ̀ mọ̀ bóyá o nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó bí o ṣe rò. Mo ti rí ẹni tó háyà lẹ́ǹsì kan tó ti ń lálàá rẹ̀ fún ọdún kan, tó ní ó ti wúwo jù fún òun.

Tí o bá ti sanwó áàpù tán, má kàn pa á rẹ́ lórí fóònù. Gba ìwé tó fi hàn pé o kò jẹ wọ́n mọ́, kí o sì rí i dájú pé wọ́n ti sọ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè. Mẹ́ta ni wọ́n ní Nàìjíríà: CRC, FirstCentral àti CR Services.