Wọ́n ti ń wo jẹjẹrẹ lójúkojú, bó ṣe ń jẹun àti bó ṣe ń kú!

Ẹni tó bá ń gbin ìrẹsì ní Ọ̀fàdà, nìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, mọ ohun tá a fẹ́ sọ yìí dáadáa. Bó bá fín oògùn apakoríko sóko lónìí, koríko ò ní í gbẹ lójú ẹsẹ̀. Á dúró, á máa wojú ewé. Bóògùn náà ò bá ràn án, owó ti lọ nìyẹn, koríko sì ti gbilẹ̀ sí i.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ rí. Wọ́n á fa oògùn sí aláìsàn lára, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ á kọjá kí wọ́n tó yàwòrán láti mọ̀ bóyá kókó náà ti ń súnkì. Owó gọbọi ni, oògùn ọ̀hún sì ń da ara láàmú. Àìsàn yìí ò mọ ẹni ńlá. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló pa Beko Ransome-Kuti, ọmọ Abẹ́òkúta, lóṣù kejì ọdún 2006, bẹ́ẹ̀ dókítà ni Beko fúnra ẹ̀. Òun náà ló mú Gani Fawehinmi lọ lọ́dún 2009.

Kí wá làwọn onímọ̀ rí? Àwọn ohun tíntìntín tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì ló para pọ̀ di ara wa. Sẹ́ẹ̀lì gidi máa ń fi afẹ́fẹ́ sun oúnjẹ ẹ̀, bó bá sì bàjẹ́, á pa ara ẹ̀, á yàgò. Lọ́dún 1972 ni Kerr, Wyllie àti Currie sọ irú ikú yẹn ní apoptosis. Ti jẹjẹrẹ ò rí bẹ́ẹ̀: kò gbà kóun kú, ọ̀kánjúwà sì ni. Otto Warburg, ará Jámánì, ti rí i ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn pé ṣúgà ló ń jẹ ní àjẹkì.

Ibi tó ti ń jẹun náà ni àṣírí ẹ̀ ti tú. Nǹkan méjì kan tó ń báṣẹ́ oúnjẹ rìn nínú sẹ́ẹ̀lì, NADH àti FAD, máa ń tàn bí wọ́n bá tan iná àkànṣe sí wọn: ọ̀kan á yọ búlúù, èkejì á yọ àwọ̀ ewé. Britton Chance, ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fìyẹn wo bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń sun oúnjẹ láìpa á. Bóògùn bá ti jẹ, ìmọ́lẹ̀ náà á yí padà.

Ikú ẹ̀ náà ṣeé rí. Ọ̀rá kan wà tó máa ń fara pamọ́ sínú awọ sẹ́ẹ̀lì. Bíkú bá ń bọ̀, ọ̀rá yẹn á yọ síta, púrótéènì kan tí wọ́n ti fi ohun tó ń tàn sí lára á lọ lẹ̀ mọ́ ọn. Ibi tó bá ti tàn, ikú ti dé bẹ̀.

Lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ ní Nashville, l'Amẹ́ríkà, fún àwọn eku tí jẹjẹrẹ ọmú èèyàn wà lára wọn ní oògùn trastuzumab. Láàárín ọjọ́ méjì péré, ìmọ́lẹ̀ ti fi hàn pé oògùn ń ṣiṣẹ́. Bó bá dórí èèyàn, ẹni tóògùn ò bá ràn á tètè gba òmíì.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yàrá ìwádìí ṣì lèyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ náà kì í wọnú ara jìnnà. Ẹni tó bá rí kókó lọ́mú, tàbí tó ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀ l'Ówódé, kó má jókòó dè é o. Federal Medical Centre wà n'Ídì-Aba, l'Abẹ́òkúta. Láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.