Ẹ̀kọ́ Tí Àwọn Olùṣọ́ Ń Kọ́ ní Ìlú Ọba

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí jẹ mọ́ iṣẹ́ tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Ìlú Ọba ń ṣe jẹun. Iṣẹ́ olùṣọ́ ni, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní iṣẹ́ sìkiọ́rítì. Ẹlòmíràn a máa fojú tín-ín-rín wò ó. A ní, "Kí ni olùṣọ́ ń kọ́? Ṣebí kí ó sá jókòó sí ẹnu ọ̀nà ni?" Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ní ọdún 2001 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin kan lórí iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 2003 ni wọ́n dá àjọ tí ń jẹ́ Security Industry Authority sílẹ̀ lábẹ́ òfin náà. Àjọ yìí ni ó ń fún olùṣọ́ ní ìwé àṣẹ. Kí ènìyàn tó rí i gbà, wọn yóò wádìí bóyá ó ti jẹ̀bi ọ̀ràn rí, yóò lọ kọ́ ẹ̀kọ́, yóò sì yege nínú ìdánwò. Ọdún 3 ni ìwé àṣẹ náà ń lò. Ẹni tí òfin ní kí ó gbà á, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ láìní in, lè ṣẹ̀wọ̀n tó oṣù 6.

Kí ni ó wá mú kí wọ́n máa yí òfin ẹ̀kọ́ náà padà? Ní alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2017, ọkùnrin kan gbé bọ́ǹbù sínú àpò ńlá, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ó sì lọ dúró sí gbọ̀ngàn Manchester Arena, níbi tí àwọn ọmọdé àti òbí wọn yóò gbà jáde láti ibi eré orin. Ènìyàn 22 ni bọ́ǹbù náà pa. Adájọ́ Sir John Saunders ni ó darí ìwádìí, ó sì gbé apá kìíní ìròyìn rẹ̀ jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2021. A gbọ́ níbẹ̀ pé òbí kan ti fura sí ọkùnrin náà, ó sì ti sọ fún olùṣọ́ kan kí bọ́ǹbù tó bú. A gbọ́ pé olùṣọ́ mìíràn, ọmọ ọdún 18, fura pẹ̀lú. Ó gbìyànjú láti fi rédíò ọwọ́ rẹ̀ pe àwọn ọ̀gá rẹ̀, kò rí wọn bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù sì tún ń bà á pé bí òun bá ṣì í mú, wọn yóò ní nítorí ẹ̀yà ọkùnrin náà ni òun ṣe fura sí i.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀ràn yìí fi hàn pé ojú nìkan kò tó. Ẹ̀kọ́ olùṣọ́ gbọ́dọ̀ kan ojú, ẹnu àti ọwọ́. Ti ojú ni láti mọ ìwà tí ó yẹ kí a fura sí. Ìwà ni o, kì í ṣe àwọ̀ tàbí aṣọ. Ti ẹnu ni láti mọ bí a ti ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, àti bí a ti ń ta ọ̀gá ẹni lólobó kíákíá. Ti ọwọ́ ni láti mọ bí a ti ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, nítorí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ gidigidi lè kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí àwọn oníṣègùn tó dé.

Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé láti ọdún 2021, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ olùṣọ́ ní láti kọ́kọ́ ní ìwé ẹ̀rí ìtọ́jú pàjáwìrì. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn àgbà lẹ́nu iṣẹ́ pàápàá ní láti padà lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìránnilétí kí wọ́n tó lè sọ ìwé àṣẹ wọn dọ̀tun. Àwọn kan ń ráhùn, wọ́n sì ní ìdí. Àpò òṣìṣẹ́ ni owó ẹ̀kọ́ náà sábà ń ti jáde, owó iṣẹ́ wọn kò sì pọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn oníjìbìtì ń gbà wọlé, tí wọ́n ń gé ọjọ́ ẹ̀kọ́ kù, tí wọ́n sì ń fi ìwé ẹ̀rí gba owó. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ yín níbẹ̀: ìwé ẹ̀rí tí a fi owó rà kò lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró.

Àbá méjì mìíràn wà nínú ìròyìn Adájọ́ Saunders. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ń wo kámẹ́rà ìṣọ́ lábẹ́ ilé iṣẹ́ olùṣọ́ tí a háyà ní láti ní ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí oníbi fúnra rẹ̀ gbà síṣẹ́ kò ní láti ní in. Adájọ́ ní kí wọ́n tún òfin yìí yẹ̀ wò. Ó tún ní kí wọ́n rò ó bóyá ó yẹ kí àwọn ilé iṣẹ́ olùṣọ́ fúnra wọn máa gba ìwé àṣẹ. Èyí bọ́gbọ́n mu. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọjọ́sí fura bí ó ti yẹ. Ọ̀nà àtisọ ni kò rí. Kì í ṣe gáàdì ni ó ń pinnu iye ènìyàn tí yóò ṣọ́nà, tàbí bí wọn yóò ti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ ni. Ní Nàìjíríà tiwa, òfin ọdún 1986 ti mú un ní dandan kí ilé iṣẹ́ olùṣọ́ gba ìwé àṣẹ, àwọn Sífù Dìfẹ́ńsì ni ó sì ń mójú tó o.

Ẹ̀yin ọmọdé, bí olùṣọ́ bá fi sùúrù ní kí ẹ ṣí àpò yín, ẹ má bínú. Bí ẹ bá sì rí ohun tí ó kọ yín lóminú, ẹ sọ fún un, kí ẹ sì rí i dájú pé ó gbọ́. Ó dìgbà kan ná o.