Gbígbẹ Kọ́, Dídì Ni: Ọ̀rọ̀ Lórí Ohun Ìlẹ̀pọ̀ Adìkíákíá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá iṣẹ́ àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì mu, nítorí pé orúkọ tí kò bá ìwà ohun tí ó ń jẹ́ ẹ mu lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Àpẹẹrẹ kan ni ohun ìlẹ̀pọ̀ inú túùbù kékeré tí àwọn ènìyàn fi ń lẹ ife tí ó fọ́, gìgísẹ̀ bàtà àti férémù awò ojú. "Súpà gúlù" ni wọ́n ń pè é lọ́jà. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ tú u sí Yorùbá lè yára sọ pé "gọ́ọ̀mù tí í tètè gbẹ" ni. Níbẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1942, Harry Coover àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Eastman Kodak ní Amẹ́ríkà ń wá ike tí ó mọ́ gaara bíi dígí fún ojú ìbọn. Kẹ́míkà kan tí wọ́n dán wò, cyanoacrylate, ń lẹ̀ mọ́ gbogbo ohun tí ó bá kàn, wọ́n sì pa á tì. Ní ọdún 1951, Fred Joyner fi irú rẹ̀ sáàárín dígí méjì ara ẹ̀rọ ìwọn-ìmọ́lẹ̀ kan, àwọn dígí náà kò sì yà mọ́. Ní ọdún 1958 ni ó dé ọjà.

Sítáàṣì tí wọ́n sè láti fi lẹ ìwé, àti gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà fi ń lẹ pákó, ń gbẹ ní tòótọ́: omi inú wọn ń jáde lọ ni wọ́n fi ń le. Ti cyanoacrylate yàtọ̀. Ọ̀rinrin díẹ̀ tí ó wà lára ohun tí a fẹ́ lẹ̀ ni ó ń mú kí àwọn mólékù rẹ̀ so kọ́ ara wọn bí ẹ̀wọ̀n. Nítorí náà, "dì" ni ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó yẹ ẹ́, bí omi ti ń dì di yìnyín àti bí ẹ̀jẹ̀ ti ń dì lójú ọgbẹ́. "Àtè" pàápàá kò bá a mu, nítorí pé àtè kì í le. Bí ó bá le, kò ní lè mú ẹyẹ.

Ọyẹ́ ni ẹ̀rí. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń gbẹ ni, ọyẹ́ ì bá mú un yá. Ṣùgbọ́n nínú ọyẹ́ gan-an ni ó máa ń pẹ́, tí ó sì ń yá nígbà òjò.

Ẹni tí ó gbà pé ó ń gbẹ yóò dà á púpọ̀, yóò sì sá a sí oòrùn. Bẹ́ẹ̀, bí ó bá nípọn, ọ̀rinrin kì í tètè dé àárín rẹ̀. Ẹ̀kán díẹ̀ ni kí ó lò lára ohun tí ó mọ́, kí ó tẹ̀ ẹ́ pọ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí ó sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Èyí tí ó ṣàn bí omi yẹ fún ojú ibi tí ó bá ara mu régí. Èyí tí ó ki yẹ fún ibi tí àlàfo wà. Kì í mú ike tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ korobá dáadáa, kò sì yẹ fún ohun tí yóò máa gbá tàbí tí yóò máa wà nínú omi gbígbóná.

Ara ènìyàn ní ọ̀rinrin. Ìdí nìyí tí ìka méjì fi ń lẹ̀ pọ̀ wàrà. Omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí wọ́n fi rẹ wọ́n, kí wọ́n máa ṣí i díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n má fà á tipátipá. Bí ó bá ta sí ojú, kí wọ́n fi omi ṣàn án, kí wọ́n sì lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá kan aṣọ òwú, ó lè gbóná débi tí yóò fi jó ara. Irú èyí tí àwọn dókítà fi ń pa ojú ọgbẹ́ dé, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 1998, yàtọ̀ sí ti ọjà.

Ọjà lè máa pè é ní súpà gúlù. Nínú ìwé ẹ̀kọ́, "ohun ìlẹ̀pọ̀ adìkíákíá" ni ó sàn jù, nítorí pé orúkọ yìí ń sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, ó sì ń kọ́ ọwọ́ bí yóò ti lò ó.