Ínnjì àti Àgbékọ́: Ọ̀rọ̀ fún Irin Ilẹ̀kùn àti ti Kọ́bọ́ọ̀dù

Ní ọjà Ìkàrẹ́, àti ní ṣọ́ọ̀bù àwọn káfíńtà tí ó wà lójú ọ̀nà tí ó gba Àkùngbá lọ sí Ọ̀kà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà fún gbogbo irin tí ilẹ̀kùn fi ń ṣí tí ó fi ń tì: ínnjì. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà jẹ́ àyálò ni ìṣòro. Irin tí ó ń jẹ́ orúkọ yìí pọ̀, iṣẹ́ wọn kò sì dọ́gba. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìwé rẹ̀ sọ fún pé kí ó ra ínnjì lè ra èyí tí yóò ba kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ jẹ́. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 kò lè ràn án lọ́wọ́, nítorí ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ó dá lé.

Àwọn atúmọ̀-èdè ti ń lo àgbékọ́ tipẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dára, nítorí pé ó sọ iṣẹ́ irin náà: òun ni wọ́n fi ń gbé ilẹ̀kùn kọ́. Ṣùgbọ́n kò bá ilẹ̀kùn àtijọ́ mu. Ẹ wo èyí tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, tí ó ti wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1924. Irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kì í rọ̀ mọ́ irin. Lára igi kan náà ni wọ́n ti gbẹ́ ṣóńṣó tí ó yọ lókè àti nísàlẹ̀. Tòkè wọ inú ihò àtẹ́rígbà, tìsàlẹ̀ wọ inú ihò ilẹ̀. Ilẹ̀kùn náà dúró ni, wọn kò gbé e kọ́. Ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn ni ó yẹ kí ṣóńṣó yìí máa jẹ́.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù fún ilẹ̀kùn iyàrá ni àgbékọ́ eléwé méjì. Ewé kan wà lára férémù, èkejì wà lára ilẹ̀kùn; oríkèé wọn wọnú ara wọn, ọ̀pá kan sì gba àárín wọn kọjá. Bí ilẹ̀kùn ṣe wúwo tó ni ó ń fa àgbékọ́ òkè síta tó, tí ó sì ń ti ti ìsàlẹ̀ mọ́ férémù. Nítorí náà, bí ilẹ̀kùn bá wúwo, ẹ̀kẹta máa ń wúlò jù nítòsí ti òkè. Àárín ni ọ̀pọ̀ káfíńtà ń kàn án sí, wọn kò sì ṣìnà pátápátá: níbẹ̀ ni ó ti ń di pákó mú kí ọyẹ́ má baà tẹ̀ ẹ́.

Àwọn ajórin ní tiwọn fún ilẹ̀kùn onírin, wọ́n sì ti sọ ọ́ lórúkọ tí kò ṣeé bù kù: akọ àti abo. Akọ ní ọ̀pá, abo ní ihò. Wọ́n a gbé ilẹ̀kùn lé e.

Ti kọ́bọ́ọ̀dù ni ó ṣòro jù. Pákó oníyẹ̀fun tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù òde òní kì í di síkúrù mú létí; ewé méjì tí wọ́n bá kàn mọ́ etí rẹ̀ yóò já. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo àgbékọ́ afarasin, tí orí rẹ̀ rí bí ife kékeré, tí wọ́n ń lu ihò mìlímítà 35 fún ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Oríṣi mẹ́ta ni. Bí ilẹ̀kùn yóò bá bo etí pákó ẹ̀gbẹ́ tán, ọrùn àgbékọ́ náà tọ́. Bí ilẹ̀kùn méjì yóò bá pín etí pákó kan, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀. Bí ilẹ̀kùn yóò bá wọ inú férémù, ọrùn rẹ̀ ká gan-an. Òǹtajà lè fi ọrùn pè wọ́n, nítorí òun ni ó ń rí irin. Ṣùgbọ́n ibi tí ilẹ̀kùn yóò wà ni ẹni tí ó ń kan kọ́bọ́ọ̀dù ń kọ́kọ́ pinnu. Fún ìwé ẹ̀kọ́, ó sàn kí wọ́n jẹ́ abojú, apínjú àti awọnú. Ẹni tí ó bá ra abojú fún ilẹ̀kùn awọnú kò ní rí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì, bí ó ti wù kí ó yí síkúrù àtúnṣe rẹ̀ tó.