Ẹ̀ṣọ́ Kékeré Inú Tọ́ọ̀ṣì: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Tí Ọmọ Yín Ń Kọ́ Iṣẹ́ Irin

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ni a ti ń rí ọmọ tí ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ jórinjórin. Nígbà tí òbí bá mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ bá ọ̀gá rẹ̀, owó ẹ̀kọ́ àti iye ọdún ni wọ́n sábà máa ń bèèrè. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n bèèrè bí a ti ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ tí ọmọ náà yóò máa dì mú láti òwúrọ̀ di alẹ́. Èmi pàápàá kò bèèrè. Ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ sí ọmọ àbúrò mi obìnrin ni ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ní Ìbàdàn ni ọmọ náà ti ń kọ́ṣẹ́, níbi tí a ti ń ṣe géètì àti wíńdò onírin. Wọ́n ní ẹ̀rọ plasma kan níbẹ̀, èyí tí a fi ń gé irin. Ọ̀gbẹ́ni Robert Gage, ará Amẹ́ríkà, ni a fún ní ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n yìí ní ọdún 1957. Iná gáàsì tí a ti mọ̀ láti ìgbà pípẹ́ a máa gé irin lásán, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò ká álúmíníọ̀mù àti bàbà. Plasma ní tirẹ̀ a máa gé gbogbo ohun tí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì bá lè gba inú rẹ̀ kọjá. Afẹ́fẹ́ tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ti fún pọ̀ ni ó ń gba ihò tóóró kan jáde ní ẹnu tọ́ọ̀ṣì. Iná ẹ̀lẹ́tíríìkì a sì la inú afẹ́fẹ́ náà kọjá títí yóò fi gbóná ju ìwọ̀n 20,000 ti Celsius lọ, bẹ́ẹ̀ ni ojú oòrùn fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bí 5,500 lọ. Irin tí ó bá kàn a yọ́ bí òrí, afẹ́fẹ́ a sì gbá a dànù.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó lágbára tó bẹ́ẹ̀ kò ṣe é fi ṣeré. Iná tí ń bọ̀ sí ẹnu tọ́ọ̀ṣì lè ju 250 volt lọ, èyí tí ó ju ti inú ilé wa lọ. Bàbà tí ó wà ní ẹnu rẹ̀ a sì máa jẹ, tí a fi gbọ́dọ̀ máa tú ìdérí rẹ̀ láti pààrọ̀ rẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn tí ó ṣe é fi fi swíìṣì kékeré kan sí orí tọ́ọ̀ṣì bí ẹ̀ṣọ́. Bí ìdérí bá wà ní ipò rẹ̀, yóò tẹ swíìṣì náà, ẹ̀rọ yóò sì gbà láti ṣiṣẹ́. Bí a bá tú ìdérí, bí ènìyàn tilẹ̀ tẹ ibi ìtẹ̀ tọ́ọ̀ṣì, iná kì yóò wá.

Ní ọjọ́ kan, swíìṣì yìí kọṣẹ́. Ìdérí le dáadáa, síbẹ̀ iná pupa tí ń sọ pé àbùkù wà kò kú, tọ́ọ̀ṣì kò sì tàn. Oníbàárà sì ń retí géètì rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Ni àgbà ọmọṣẹ́ kan bá tú ọwọ́ tọ́ọ̀ṣì, ó gé wáyà méjèèjì tí ó lọ sí ibi swíìṣì, ó sì so wọ́n pọ̀. Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, gbogbo wọn sì yọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ọmọ wa tú ìdérí láti pààrọ̀ ẹnu tọ́ọ̀ṣì, kò pa ẹ̀rọ. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ṣèèṣì tẹ ibi ìtẹ̀. Iná gbé e, ó sì sọ ọ́ lulẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ó yè, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ méjì jó, ó sì di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó lè di òòlù mú.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ọ̀gá ti ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ kan tí ó mọ ẹ̀rọ náà dunjú. Mo bi í pé, "Ọ̀gá, bí àwọn ọmọ yìí bá ń ṣọ́ra, ṣé wọn kò lè máa lò ó bẹ́ẹ̀?"

Ó ní, "Bàbá, ènìyàn a máa gbàgbé. Swíìṣì kì í gbàgbé."

Mo dúró wo bí ó ti ṣe é. Kí ó tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun, ó pa ẹ̀rọ, ó yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó ti afẹ́fẹ́ pa, ó sì jẹ́ kí èyí tí ó kù nínú ọ̀pá jáde tán. Lẹ́yìn èyí ó jókòó fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, nítorí pé iná a máa kù nínú ikùn ẹ̀rọ lẹ́yìn tí a bá ti pa á. Ó tú ìdérí, ó nu erùpẹ̀ irin kúrò níbi swíìṣì, nítorí pé nígbà mìíràn ìdọ̀tí nìkan ni àrùn náà. Nígbà náà ni ó tú síkúrù ọwọ́ tọ́ọ̀ṣì, ó tú wáyà tí wọ́n so pọ̀, ó sì fi mítà dán swíìṣì wò. Yálà ó tẹ̀ ẹ́ tàbí kò tẹ̀ ẹ́, iná mítà kò kọjá. Ó ti kú.

Swíìṣì tuntun tí ó fi rọ́pò rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ìwé ẹ̀rọ náà dárúkọ, kì í ṣe èyí tí ó kàn jọ ọ́. Ó tẹ́ wáyà sí ipa ọ̀nà tí ó wà tẹ́lẹ̀, kí síkúrù má baà fún un pa. Nígbà tí ó parí, ó tún fi mítà wò ó: pẹ̀lú ìdérí, iná kọjá, láìsí ìdérí, kò kọjá. Ó kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé mítà ni a fi ń dán an wò, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ tọ́ọ̀ṣì tí kò ní ìdérí láti mọ̀ bóyá swíìṣì ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn èyí nìkan ni ó fi púlọ́ọ̀gì padà sí ògiri.

Gbogbo iṣẹ́ náà kò gbà tó wákàtí méjì. Géètì oníbàárà ìbá ti lè dúró fún wákàtí méjì.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá, nígbà tí ẹ bá lọ wo ọmọ yín níbi iṣẹ́, ẹ má ṣe bèèrè nípa ìwà rẹ̀ nìkan. Ẹ bèèrè bóyá ohun ààbò ara ẹ̀rọ wà ní pípé, àti bóyá a kò ti so wáyà kan pọ̀ nítorí ìkánjú. Ẹ̀yin ọ̀gá náà, ẹ rántí pé a lè ra swíìṣì mìíràn ní ọjà, ṣùgbọ́n a kì í ra ìka.

Ọmọ wa ti padà sí ẹnu iṣẹ́. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ wò láìpẹ́ yìí, ó fẹ́ pààrọ̀ ẹnu tọ́ọ̀ṣì. Kò mọ̀ pé mo ń wò ó. Ó dìde, ó lọ yọ púlọ́ọ̀gì, ó dúró díẹ̀, kí ó tó tú ìdérí.