Ìkóra-ẹni-níjàánu àti Àìjáwọ́ nínú Eré Ìdárayá Àwọn Ọmọ Wa



Ẹni tí ó bá rìn láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà, tí ó sì yà sí Òkòkòmáíkò ní ìrọ̀lẹ́, yóò rí ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí ń gbá bọ́ọ̀lù, tí ń sáré. Ẹ̀bùn kò wọ́n láàárín wọn. Ohun tí ó wọ́n ni ọmọ tí yóò padà wá ní ọjọ́ kejì nígbà tí ara bá ń ro ó, àti ní ọ̀sẹ̀ kejì nígbà tí a bá ti ṣẹ́gun rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun méjì: ìkóra-ẹni-níjàánu àti àìjáwọ́.

Kí ni ìkóra-ẹni-níjàánu? Kì í ṣe ẹgba, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ariwo olùkọ́ni. Òun ni kí ọmọ lè pàṣẹ fún ara rẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò ó. Àìjáwọ́ ni kí ó máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí. Bí a bá fi iṣẹ́ díẹ̀ lé iṣan lọ́wọ́, tí a sì jẹ́ kí ó sinmi, yóò ní okun ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí a bá pa á tì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, okun náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ọmọ tí ń ṣe wákàtí kan lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yóò ṣe rere ju èyí tí ó fi odindi Sátidé pa ara rẹ̀, tí kò sì tún yọjú fún oṣù kan. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ wo Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde. Nínú eré ìje 100 mítà tí a ń fo igi kọjá, ipò kẹrin ni ó wà ní ìdíje àgbáyé ní Doha ní 2019. Ipò kẹrin náà ni ó tún wà ní ìdíje Òlíńpíìkì Tokyo ní 2021. Kò jáwọ́. Ní ọjọ́ 24 oṣù keje 2022, ní Eugene ní Amẹ́ríkà, ó sá eré náà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12, èyí tí obìnrin kankan kò sá rí ṣáájú rẹ̀, ó sì gba wúrà ní ọjọ́ kan náà. Ẹ wo Segun Toriola pẹ̀lú, tí ó gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì ní ìdíje Òlíńpíìkì méje, láti 1992 títí di 2016.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ju ìmẹ́lẹ́ lọ: irọ́ ọjọ́ orí. Ní 1989, àjọ FIFA fi òfin de Nàìjíríà fún ọdún méjì nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́, nítorí pé ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù kan kò bá èyí tí a ti kọ sílẹ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀ mu. Nígbà tí ìdíje àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ wáyé ní ilẹ̀ wa ní 2009, ẹ̀rọ ni a fi wo egungun ọrùn-ọwọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ọmọ tí àgbà bá kọ́ láti gé ọdún mẹ́ta kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọ́ pé ènìyàn lè dé ibi tí ó ń lọ láì rìn. Ta ni yóò tún bá a sọ̀rọ̀ ìforítì, tí yóò gbọ́?

Kí ni kí a ṣe nígbà náà? Èkínní, kí olùkọ́ni ṣáájú àwọn ọmọ dé pápá, kí òfin rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan náà fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gbá àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Èkejì, kí a yan pápá tí ó súnmọ́ ilé, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Bádágìrì ti sọ ọ̀pọ̀ ìpinnu rere di asán. Ẹ̀kẹta, kí ìwé kíkà má ṣe di ohun ìgbàgbé: ẹsẹ̀ lè ṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ẹnu ọ̀nà Fásitì Ìpínlẹ̀ Èkó tí a dá sílẹ̀ ní 1983 kò sì jìnnà sí wa. Ẹ̀kẹrin, kí òbí yin ọmọ fún ọjọ́ tí ó lọ, kì í ṣe fún góòlù tí ó gbá wọlé nìkan, kí ó sì rí i pé ọmọ náà tètè sùn.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ọmọ wa kò bá tilẹ̀ gba àmì ẹ̀yẹ kankan, ẹni tí ó ti kọ́ láti mú àdéhùn ṣẹ pẹ̀lú ara rẹ̀ lórí pápá yóò mú un ṣẹ níbi iṣẹ́ àti nínú ilé rẹ̀.